ASẸ́ Ẹ́ŃJÌNNÌ: BÍ A ṢE Ń RA FÍLTÀ Ọ́ÌLÌ TÓ DÁRA

  

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí àjọ, kì í sì í ṣe lórí òǹwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ sọ. Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ló kan obìnrin ọlọ́jà nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì?" Ó kàn wá gan-an. Ta ló ni bọ́ọ̀sì tó ń kó gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wọ Òkè-Àje? Púpọ̀ nínú wọn, àwa ni. Ta ló ń pawó pọ̀ ra píkọ́ọ̀pù tó ń lọ gbé ẹja ní Ẹ̀pẹ́? Àwa náà ni. Ẹni tí kò sì ní ọkọ̀ rárá, inú ọkọ̀ ẹlẹ́ni ló ń kó ọjà rẹ̀ sí. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, ọjà ta ló ń bàjẹ́? Ti dẹ́rẹ́bà kọ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Lọ́dún 2019, mo ní bọ́ọ̀sì HiAce kan tí dẹ́rẹ́bà ń bá mi wà. Ẹrù Èkó ló ń kó, ó sì ń jíṣẹ́ owó fún mi déédéé. Nígbà tí àkókò sáfíìsì tó, mo ka owó ọ́ìlì àti owó fíltà lé e lọ́wọ́ bí mo ti máa ń ṣe. N kò bèèrè rìsíìtì, n kò wo ohun tó rà. Ẹ wò ó o: èmi tí n kò ní gba àpò gàrí kan láìtú ẹnu rẹ̀, láìbu díẹ̀ sí ẹnu, èmi náà ni mo ra nǹkan tí n kò fojú rí.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn sáfíìsì yẹn tí ọkọ̀ gbéra láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú ogún àpò gàrí, ti èmi àti ti obìnrin mẹ́ta mìíràn. Wọn ò tíì dé Ṣàgámù tí iná pupa ọ́ìlì fi tàn. Dẹ́rẹ́bà ní òun rò pé wáyà ló ń ṣe ségesège, ó bá ń sáré lọ. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn, ló bá kú fin-in. Kí a tó rí ọkọ̀ mìíràn tí yóò kó ẹrù, òjò ti bá wa níbẹ̀. Àpò mọ́kànlá ló rin.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì, ó fi ayùn gé fíltà yẹn sí méjì, ó ní kí n wá wò ó. Pépà inú rẹ̀ ti ya, ó ti já wẹ́wẹ́, ègé rẹ̀ sì ti lọ dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà dé ara béárìn. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí a fi rọ́pò rẹ̀ gba owó àpò gàrí méjìdínlógójì lọ́wọ́ mi. Ẹ̀dínwó tí dẹ́rẹ́bà rí lórí fíltà náà kò ju owó kóńgò gàrí mẹ́ta lọ. N kò bá a jà. Òun náà kò mọ̀, èmi tí mo ni owó kò sì bèèrè. Kóńgò mẹ́ta ló jẹ àpò méjìdínlógójì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ yìí.

KÍ NI IṢẸ́ FÍLTÀ Ọ́ÌLÌ?

Gbogbo wa la mọ ògì í ṣe. Bí a bá lọ ọkà tán, aṣọ asẹ́ la fi ń sẹ́ ẹ. Ògì á kọjá sísàlẹ̀, èérí á dúró lókè. Bí asẹ́ bá ya, èérí á bá ògì lọ. Bí èérí bá sì pọ̀ jù tó dí asẹ́, omi ò ní kọjá mọ́. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ òní.

Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ló ń yí lára irin. Ọ́ìlì ló ń dúró sáàárín wọn kí wọ́n má baà họ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ti ń lọ, eruku, èédú àti ẹ̀rún irin ń bọ́ sínú ọ́ìlì. Fíltà ni asẹ́ tó ń mú wọn. Pọ́ǹpù á fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á tì í gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó yí ẹnu fíltà ká. Ọ́ìlì á gba inú pépà kọjá, á jáde láti ihò ńlá tó wà láàárín, á wá lọ sí ara àwọn irin tó ń yí. Ẹ mú ẹyọ irun orí kan, ká ní ẹ lè là á sí mẹ́ta lóròó: ìdọ̀tí tó tóbi tó ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn ni fíltà tó dára ń mú.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú agolo fíltà tó yẹ ká mọ̀:

Èkíní ni pépà. Wọ́n ká a ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po bí ìró tí a ṣẹ́ létí. Bí ìṣẹ́po bá ti pọ̀ tó, tó sì dọ́gba, ni àyè tí ìdọ̀tí yóò dúró sí ṣe ń pọ̀ tó.

Èkejì ni rọ́bà inú, tó ń bo àwọn ihò wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì inú fíltà ṣàn padà sísàlẹ̀ lóru. Bí rọ́bà yìí bá le tàbí tó ya, ní àárọ̀ tí dẹ́rẹ́bà bá sítáàtì, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ yí láìsí ọ́ìlì tó. Ìró irin gbígbẹ yẹn tí ẹ ń gbọ́ láàárọ̀, tó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó lè jẹ́ láti ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìlẹ̀kùn kékeré onísípíríìnì. Bí ìdọ̀tí bá dí pépà pátápátá, ìlẹ̀kùn yìí á ṣí kí ọ́ìlì lè kọjá láìsẹ́, nítorí ọ́ìlì tó dọ̀tí sàn ju kí ọ́ìlì má sí rárá. Nínú ayédèrú, sípíríìnì rẹ̀ lè dẹ̀ jù, tí ìlẹ̀kùn á máa ṣí nígbà gbogbo. Ó sì lè le jù, tí kò ní ṣí títí pépà á fi ya. Ìyẹn ni pé ẹ lè ra fíltà, ẹ lè fi í sára ọkọ̀, kí ó má sì sẹ́ ohunkóhun.

Kì í ṣe ọjọ́ tí mọ́tò dé ayé ni fíltà dé o. Ọ̀pọ̀ mọ́tò àkọ́kọ́ kò ní in, wọ́n ń da ọ́ìlì wọn nù lemọ́lemọ́ ni. Lọ́dún 1923 ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ernest Sweetland gbé èyí tó pè ní Purolator jáde, ilé iṣẹ́ Chrysler sì fi í sára ọkọ̀ wọn lọ́dún 1924. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì ti ń pẹ́ sí i. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

BÁWO NI AYÉDÈRÚ ṢE PỌ̀ TÓ BÁYÌÍ?

Àwọn àgbà inú wa á rántí. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì ń to ọkọ̀ ní Èkó. Nígbà náà, ọkọ̀ tuntun pọ̀, àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ ló sì ń ta ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀. Nígbà tí ètò SAP dé lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Tòkunbọ̀ gbòde. Oríṣiríṣi ọkọ̀ láti oríṣiríṣi ìlú, oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yà ara wọn sì ń gba ọwọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn wọlé. Ládípọ̀ ní Mushin, ASPAMDA ní Trade Fair, Àgódi Gate ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ń wá. Olóòótọ́ pọ̀ níbẹ̀, bí olóòótọ́ ti pọ̀ láàárín àwa náà. Ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba.

Ìjọba ní àjọ SON, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971 láti máa mójú tó bí ọjà ṣe dára sí. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti gbé ètò SONCAP kalẹ̀, pé kí wọ́n yẹ ọ̀pọ̀ ọjà wò kí ó tó wọ̀lú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n SON kò lè dúró sẹ́nu ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú tiwa náà gbọ́dọ̀ là. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa o. Kì í ṣe gbogbo fíltà tí kò bá ní orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lára ni ayédèrú. Mann àti Bosch, àwọn ará Jámánì, ń ṣe fíltà fún oríṣiríṣi ọkọ̀, orúkọ ara wọn ni wọ́n sì ń kọ sí i. Ọjà gidi nìyẹn. Ayédèrú ni èyí tí ẹnì kan ṣe ní ìṣekúṣe, tó wá kọ orúkọ olórúkọ sí i.

BÍ A ṢE Ń YẸ FÍLTÀ WÒ LÓJÚ ÌSỌ̀

Ojú tí a fi ń ra gàrí ni ká fi ra fíltà. Ẹ kò nílò sípánà, ẹ kò nílò ìwé ẹ̀rí. Ẹ tẹ̀lé e báyìí:

1. Ẹ mọ nọ́ńbà kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ́ńjìnnì ni fíltà ń bá lọ, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ nìkan. HiAce oníbẹntiróò àti HiAce onídísẹ̀lì lè má lo ọ̀kan náà. Nọ́ńbà wà nínú ìwé ọkọ̀. Fún àpẹẹrẹ, fíltà alágolo ti Toyota ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 90915, èyí tó jẹ́ pépà lásán láìní agolo sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04152. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí ẹ bá lára ọkọ̀ nìkan, ẹni tó fi í síbẹ̀ lè ti ṣì í.

2. Ẹ ka páálí dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ó mú ọmọ tó mọ̀wé lọ. Ṣé orúkọ náà pé, àbí lẹ́tà kan ti yí padà? Ṣé ìkọ̀wé rẹ̀ hàn ketekete, àbí ó ń bò, ó ń pọ́nkú? Nọ́ńbà ara páálí àti ti ara agolo gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.

3. Ẹ wo ihò àárín. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yín tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ṣé inú rẹ̀ mọ́, tí kò sí ìpẹ́ irin tàbí gọ́ọ̀mù tó ń já kalẹ̀? Bó bá jẹ́ èyí tí pépà rẹ̀ hàn síta, kí ìṣẹ́po rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tó wọ́ síbì kan tó fẹ̀ síbì kan, ẹ má rà á.

4. Ẹ wo rọ́bà inú láti ojú ihò wẹ́wẹ́. Ẹ fi ohun tí ẹnu rẹ̀ kò mú tì í díẹ̀. Ó yẹ kó rọ̀, kó sì padà sáyè rẹ̀. Bó bá gan bí awọ tó gbẹ, ó ti pẹ́ jù tàbí kó má jẹ́ ojúlówó.

5. Ẹ fọwọ́ pa rọ́bà ẹnu rẹ̀. Kó jókòó dáadáa sínú ojú rẹ̀ yíká, kó má sán, kó má yọrí síta.

6. Ẹ wo tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́dọ̀ mọ́, kó mú, kó má ní ìpẹ́. Ẹ ṣọ́ra níbí gan-an: fíltà méjì lè jọra bí ìbejì, kí tẹ́rẹ́ẹ̀dì ọ̀kan jẹ́ 20 mílímítà, kí ti èkejì sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì, tí í ṣe 19 mílímítà àti ẹ̀kún díẹ̀. Èyí tó fẹ̀ jù lè fẹ́ mú, kò ní di dáadáa, á sì já bọ́ lórí eré.

7. Ẹ mì í létí. Kò yẹ kí ohunkóhun máa dún kọ́rọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀. Ẹ gbé e wọ̀n lọ́wọ́ pẹ̀lú òmíràn tó jẹ́ irú rẹ̀. Wíwúwo nìkan kò sọ pé ó dára, ṣùgbọ́n èyí tó bá fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dáadáa, ẹ bèèrè ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

8. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tuntun kì í rùn bí ọ́ìlì tó ti jó. Bí ẹ bá rí ọ̀dà tuntun lórí ìhọra àtijọ́, tàbí ojú ibi tí sípánà ti mú un rí, èyí tí wọ́n ti lò, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n kùn ni.

9. Ẹ gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà fíltà wà lára rẹ̀. Ọlọ́jà olóòótọ́ kì í bínú sí rìsíìtì. Èyí tó bá ní "Màmá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?", ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ń ta ẹja ní ìdajì iye tí gbogbo ọjà ń tà á, ẹja yẹn ní ohun tó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíltà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń FI Í SÍ I

Fíltà dáadáa lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ bí wọn ò bá fi í sí i dáadáa. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ṣọ́ nǹkan mẹ́ta.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí rọ́bà ẹnu ti àtijọ́ bá fíltà àtijọ́ jáde. Nígbà mìíràn, á lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá fi tuntun lé e lórí, rọ́bà á di méjì, wọn ò ní mú ara wọn, gbogbo ọ́ìlì á sì tú jáde lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó fi ìka pa ọ́ìlì díẹ̀ sára rọ́bà tuntun kó tó yí i sí i.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í. Fún ọ̀pọ̀ fíltà alágolo, bí rọ́bà bá ti kan ara ẹ́ńjìnnì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo ló kù. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára páálí. Ẹni tó bá fi sípánà fún un pọ̀ yóò ba rọ́bà jẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tẹjú mọ́ abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n tún fa géèjì ọ́ìlì yọ wò. Ẹ fi báírò tí kì í parẹ́ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà mítà ọkọ̀ sára fíltà.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi ayùn gé fíltà àtijọ́. Bí pépà rẹ̀ bá ṣì dúró gírí tí ìdọ̀tí sì wà lára rẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, oníbàárà rere nìyẹn. Bó bá ti ya, tàbí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti tú, ẹ ti mọ ibi tí ẹ kò ní lọ mọ́. Bí ẹ sì ti gé e yìí, kò sẹ́ni tí yóò kùn ún lọ́dà tà fún ẹlòmíràn.

ÌGBÀ WO NI KÁ PÀÁRỌ̀ RẸ̀?

Ìgbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ fíltà. Ẹni tó da ọ́ìlì tuntun sínú fíltà àtijọ́, ẹni tó fi asẹ́ tó kún fún èérí àná sẹ́ ògì òní ni.

Ìwé ọkọ̀ ni ká kọ́kọ́ tẹ̀lé, ṣùgbọ́n fún ọ́ìlì tí ọ̀pọ̀ wa ń rà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún (5,000) kìlómítà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń kà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ di 200. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ di 1,200. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin di 4,800. Nítorí náà, bọ́ọ̀sì tó ń lọ Èkó lójoojúmọ́, oṣooṣù ni sáfíìsì rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó bá sọ pé ó di oṣù mẹ́ta, ẹ fi ìṣirò yìí hàn án.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìbéèrè: Bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà ńkọ́?
Ìdáhùn: Kí dẹ́rẹ́bà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ní "ẹ jẹ́ ká dé iwájú". Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ẹ́ńjìnnì láti nọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ẹ mọ iná yẹn, kí ẹ lè pariwo.

Ìbéèrè: Dẹ́rẹ́bà mi ní iṣẹ́ òun ni láti ra fíltà. Ṣé n kò ní máa tojú bọ iṣẹ́ rẹ̀?
Ìdáhùn: Ẹ pè é pẹ̀lẹ́, ẹ jọ lọ rà á. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ olè. Ẹ ní, "Ọmọ mi, ẹ̀mí ìwọ náà wà nínú ọkọ̀ yìí." Òótọ́ ni.

Ìbéèrè: Mo ti ra ayédèrú. Ṣé owó ti wọgbó nìyẹn?
Ìdáhùn: Rárá. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gba rìsíìtì, àti láti dá ọjà tí kì í ṣe ohun tí wọ́n pè é padà. Àjọ FCCPC ló ń mójú tó o. Ẹ kọ́kọ́ mú fíltà àti rìsíìtì padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Bó bá kọ̀, ẹ gbé e wá sí ìpàdé, a ó jọ kọ̀wé.

ÌJÍRÒRÒ FÚN ÌPÀDÉ

1. Ta ni nínú wa tó mọ nọ́ńbà fíltà ọkọ̀ rẹ̀ lórí?
2. Nígbà tí a ṣe sáfíìsì kẹ́yìn, ta ló ra fíltà, rìsíìtì rẹ̀ dà?
3. Ǹjẹ́ kò ní dára kí àwọn tó ní irú ọkọ̀ kan náà máa pawó pọ̀ ra fíltà ní páálí ńlá lọ́wọ́ ọlọ́jà kan tí a ti dán wò?

Iṣẹ́ àmúrelé: kí olúkúlùkù tó ní ọkọ̀ kọ nọ́ńbà fíltà rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò ọjà. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, kí ó bèèrè lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó ń kó ẹrù rẹ̀ ìgbà tó ṣe sáfíìsì kẹ́yìn. Owó ọjà yín wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè.

Ọ̀nà kò ní nà wá o. Ọjà wa ò ní rin sójú títì. Ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ yín kan, láti ìsọ̀ onígàrí, Òkè-Àje.